Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rinrin àti Àìrí Atẹ́gùn Lábẹ́ Ilẹ̀ Onípákó

  

1. Ìfáàrà

Nígbà tí Ẹ̀ka yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́, kí n sì sọ ọ́ ní èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé n ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé gogoro tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ohun tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ nípa ilé kò ga ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Abẹ́ ilẹ̀ iyàrá ni ó wà, níbi tí ojú kò tó.

Àwọn baba wa ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni a fi ń kìlọ̀ fún àwọn ará ilé kan náà kí wọ́n má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, dandan ni kí ògiri rẹ̀ lanu. Bí kò bá lanu, ohun tí yóò wọ ibẹ̀ burú ju aláǹgbá lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó ti mú àpẹẹrẹ mi, pàápàá jù lọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ àjèjì. Ó ṣòro kí á rí ìdílé kan nínú gbọ̀ngán yìí tí kò ní ẹnì kan lọ́hùn-ún. Àwọn tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀ ní àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àti àwọn tí wọ́n ṣáájú wọn lọ, mọ ìyà ilé wíwá. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń kọ̀ wọ́n nítorí àwọ̀ ara wọn. Òfin tí ó ka irú àṣà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé kò dé títí di ọdún 1968. Nítorí náà, ilé tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí gbé: àwọn ilé àtijọ́ tí a kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí ọwọ́ wọn sì ba owó, irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn rà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onípákó ti di ọ̀rọ̀ wa.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn. Èkíní, kí ni ó ń mú ọ̀rinrin jókòó sí abẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀? Èkejì, kí ni ọ̀rinrin náà ń ṣe níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, kí ni ó yẹ kí á ṣe sí i, kí ni kò sì yẹ kí á ṣe?

2. Bí a ti ṣe kọ́ ilé náà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí erùpẹ̀ gan-an ni a ń ṣe ilẹ̀ iyàrá sí. Láyé àtijọ́, a ó lu erùpẹ̀ náà kí ó le, a ó sì fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á kí ó dán. Lóde òní, kọnkéré ni a ń dà sí i. Ti àwọn ilé àtijọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ iyàrá, wọ́n sì gbé pákó náà sókè kúrò lára erùpẹ̀, tí òfìfo fi wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí n ó máa pè é. Igi gígùn tí a tẹ́ sí abẹ́ pákó, tí ó gbé e dúró, ni igi ìdábùú. Ògiri pẹ́ńpẹ́ tí a mọ sí abẹ́ igi ìdábùú láti gbà á mú láàárín ni ògiri kúkúrú. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi àyè sílẹ̀ láàárín bíríkì rẹ̀ bí afárá oyin, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Bíríkì tí a dá ihò sí lára, tí a mọ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ìta, ni bíríkì olójú. Òfìfo tí ó wà láàárín pákó àti erùpẹ̀ ni àlàfo abẹ́ ilé. Paríparì rẹ̀, ohun tí a tẹ́ sínú ògiri kí omi ilẹ̀ má bàa gùn ún ni ìdènà ọ̀rinrin. Síléètì ni wọ́n ń lò fún un nígbà mìíràn, ọ̀dà ni nígbà mìíràn; lóde òní, ọ̀rá líle ni.

Ìmọ̀ ni ó wà nídìí ètò yìí. Òfin Ìlera Gbogbo Ènìyàn ti ọdún 1875 fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbára láti ṣòfin lórí bí a ó ṣe máa kọ́ ilé, títí kan ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Àwọn bíríkìlà ìgbà náà mọ̀ pé erùpẹ̀ abẹ́ ilé kì í gbẹ tán. Yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, omi ń gòkè láti inú rẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Wọn kò bá omi náà jà. Wọ́n là ọ̀nà fún un láti jáde. Atẹ́gùn ń gba bíríkì olójú wọlé ní iwájú ilé, ó ń gbé ọ̀rinrin lọ́wọ́, ó sì ń gba ẹ̀yìn jáde. Iná èédú tí ó ń jó nínú ààrò iyàrá náà tún ń fa afẹ́fẹ́ sọ́dọ̀, ó ń gbé e gba ojú èéfín jáde sí òkè òrùlé. Ilé náà ń mí tọ̀sán tòru.

3. Bí ilé ṣe di ẹni tí kò lè mí mọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín àti kùrukùru bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tipa rẹ̀ kú. Nítorí èyí ni a ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ní ọdún 1956, tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́kun èéfín èédú. Òfin rere ni, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn ti ń pa iná èédú tì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dí ẹnu ààrò wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi fèrèsé tuntun tí kò ní àlàfo rọ́pò ti àtijọ́, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ògiri dé ògiri. Ohun kọ̀ọ̀kan dára ní àyè tirẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni ó fún ilé lọ́rùn.

Ní tiwa, a tún fi sítóòfù kẹrosíìnì kún un. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi lé òtútù jáde nínú iyàrá. Wọn kò mọ̀ pé bí kẹrosíìnì lítà kan bá jó tán, omi tí ó tó lítà kan ni yóò tú sínú afẹ́fẹ́ iyàrá. Wọ́n rò pé iná ni àwọn ń dá. Omi ni wọ́n ń bù sára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé bí omi ṣe ń dé ara igi. Afẹ́fẹ́ tí ó móoru lè gba ọ̀rinrin púpọ̀ mọ́ra ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Bí afẹ́fẹ́ tí ó móoru bá fara kan ohun tútù, yóò tu díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìgò ọtí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì fi ń làágùn. Ìdí náà nìyí tí ìrì fi ń sẹ̀ sórí koríko ní òwúrọ̀. Irú ìrì yìí gan-an ni ó ń sẹ̀ sára igi ìdábùú tí ó tutù nínú òkùnkùn abẹ́ ilé, bí atẹ́gùn kò bá wá gbé ọ̀rinrin lọ. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí iṣẹ́ wa fi hàn ni pé ilé tí a fi bíríkì mọ pàápàá, bí a bá sé e mọ́, ìrì lè wó ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ń sé ilé mọ́ kò ju mélòó kan lọ. Ẹni kan a ṣe ọgbà òdòdó sí iwájú ilé, erùpẹ̀ rẹ̀ a sì bo bíríkì olójú. Ẹlòmíràn a da kọnkéré sí ẹ̀hìnkùlé, títí yóò fi ga ju ìdènà ọ̀rinrin lọ. Nígbà náà, omi òjò yóò gba orí ìdènà náà wọnú ògiri. Ẹlòmíràn a kọ́ ilé ìdáná kún ẹ̀yìn ilé, a da kọnkéré sí ilẹ̀ rẹ̀, a sì gbàgbé pé òun ti dí ẹ̀yìn ilé àtijọ́ pa. Gọ́tà tí ó ń jò, páìpù tí ó ti là, àti àwókù bíríkì tí àwọn tí ó kọ́ ilé náà fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń dá kún un.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò tó kí iwájú nìkan wà ní ṣíṣí. Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti ní ọ̀nà àbájáde. 

4. Olú tí ń jẹ igi

Igi gbígbẹ kì í jẹrà. Àwọn ilé wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí igi wọn ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún méjì, mẹ́ta, tí wọ́n sì le síbẹ̀. Ohun tí ó ń ba igi jẹ́ ni omi tí ó pẹ́ lára rẹ̀. Bí ìwọ̀n omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tí ó gbẹ, olú tí ń jẹ igi kò lè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí ó sì pẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn.

Olú méjì ni ó lókìkí jù. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan ní Coniophora puteana. Ibi tí ó bá rin gbingbin ni ó ń gbé. Bí ibẹ̀ bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èkejì ni Serpula lacrymans, òun ni ẹ̀rù ń bà àwọn onílé jù. Ó lè ta okùn tín-ín-rín gba ara bíríkì àti sìmẹ́ǹtì kọjá láti lọ wá igi mìíràn. Igi tí ó bá jẹ a máa là sí wẹ́wẹ́ bí kúbù ṣúgà, eruku pupa bí ìpẹtà a sì bo ilẹ̀ iyàrá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìjẹrà tirẹ̀ ní ìjẹrà gbígbẹ, nítorí bí igi náà ṣe ń rí nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán. Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Gbígbẹ ni orúkọ rẹ̀, omi ni ó fi ń ṣayé. Kódà, ìtumọ̀ lacrymans ní èdè Látìn ni ẹni tí ń sunkún, nítorí omi tí ń kán lára rẹ̀ bí omijé.

Kì í ṣe igi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé tí ó rin a máa hu èérí dúdú lára ògiri, ẹni tí ó ń fà á símú lójoojúmọ́ yóò sì fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ san án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan kú ní Rochdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tí ó wádìí ikú náà lábẹ́ òfin sọ pé irú èérí bẹ́ẹ̀ tí ó hù nínú ilé ìyágbé wọn, tí kò sí atẹ́gùn tí ó tó níbẹ̀, ni ó fa àìsàn tí ó pa á. Láti ara ikú ọmọ náà ni òfin tuntun kan ti wáyé ní ọdún 2023, tí ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ń bójú tó ilé ìjọba àti ilé àwọn ẹgbẹ́ ìyágbé láti tètè dá irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lóhùn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bíríkì olójú, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń sọ.

5. Ilé kan ní Peckham

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara mi wàyí. Ní ọdún 1983 ni mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wọ̀ sí ní Peckham. Nọ́ọ̀sì ni Màmá, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe. Owó èsúsú ni òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé kó jọ tí wọ́n fi san àsansílẹ̀ ilé náà.

Iyàrá iwájú ni wọ́n fún mi. Oṣù Kọkànlá ni, òtútù sì ń gba àárín pákó wọlé bí abẹ́rẹ́. Mo jáde lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri, mo rí bíríkì méjì tí a dá ihò sí, mo sì rò pé mo ti mọ ibi tí ọ̀tá ń gbà wọlé. Mo fi ìwé ìròyìn àti àkísà dí wọn pinpin, mo sì lẹ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, iyàrá móoru díẹ̀. Màmá yìn mí. Ó ní ọmọ tí ó ń kọ́ nípa ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìlú mìíràn láti parí ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo padà wá kí Màmá ní ọdún 1989, ohun tí ó kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ni òórùn bí ti inú igbó lẹ́yìn òjò. Kápẹ́ẹ̀tì etí fèrèsé ti dúdú. Nígbà tí mo tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ó ń sùn ní iyàrá náà, ń wúkọ́ ní òru, àyà rẹ̀ sì ń han.

Ilé iṣẹ́ kan ti wá wo ilé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní eyín méjì gún ògiri, ẹ̀rọ náà sì dún. Ó ní omi ń gun ògiri láti inú ilẹ̀ wá; àfi kí wọ́n lu ihò sí ògiri yí ká, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa oògùn sí i, kí wọ́n sì tún gbogbo ara ògiri rẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e tó gbogbo èsúsú tí ó wà lọ́wọ́ Màmá. Ọdún náà gan-an ni ó sì ti fẹ́ fi owó náà bo òrùlé ilé tí ó ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó padà wálé. Ọjọ́ Ajé tí ó ń bọ̀ ni yóò san àsansílẹ̀ fún wọn.

Mo bi í pé, “Màmá, ṣé ó ṣí pákó kí ó wo abẹ́ ilé?”

Ó ní, “Rárá o. Ògiri nìkan ni ó gún.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bẹ káfíńtà kan tí ó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. A ká kápẹ́ẹ̀tì, a ṣí pákó mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì wúwo. Orí igi ìdábùú mẹ́ta tí ó wọnú ògiri iwájú ti jẹrà. Káfíńtà ti sùkúrúdíráfà bọ̀ ọ́, ó wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. A lọ sí ẹ̀hìnkùlé. Ẹni tí ó da kọnkéré síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti lọ ti bo bíríkì olójú méjèèjì. A tún bọ́ sí iwájú, a gbẹ́ erùpẹ̀ ọgbà òdòdó kúrò, a kan sìmẹ́ǹtì tí mo lẹ̀ níjọ́sí. Káfíńtà họ ọ́ kúrò, ó fa ìwé ìròyìn jáde. Ó ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ṣùgbọ́n a ṣì lè ka orí rẹ̀: oṣù Kọkànlá, 1983.

Màmá wò ó, ó sì wò mí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ kọ́ nìyí?”

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Nígbà náà, mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mo ti dáhùn ìbéèrè lórí atẹ́gùn abẹ́ ilé nínú ìdánwò, mo sì yege. Síbẹ̀, láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ìbéèrè tí mo ń dáhùn ni ọwọ́ mi ti bàjẹ́ ní Peckham. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìwé mi kò tíì bọ́ sílé.

Àsansílẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ Màmá. A ṣí bíríkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gé kọnkéré ẹ̀yìn kúrò létí ògiri, a tún gọ́tà ṣe, a sì gé orí igi mẹ́ta tí ó ti jẹrà kúrò, a fi òmíràn so mọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ó tẹ̀ lé e fi parí, káfíńtà wọn omi inú igi ìdábùú, ó ti wálẹ̀ kọjá ààlà tí mo sọ ṣáájú. Ikọ́ ọmọ náà dínkù. N kò ní sọ pé atẹ́gùn nìkan ni ó wò ó sàn, nítorí èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò wú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní iyàrá náà. Ní ọdún 1991, òrùlé gun ilé Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

6. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí á wádìí ibi tí omi ti ń wá kí á tó náwó lórí ibi tí ó dé. Ẹ̀rọ tí ó ní eyín méjì wúlò, ṣùgbọ́n ara igi ni a ṣe ìwọ̀n rẹ̀ fún. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ohun tí a gún kọjá ni ó ń wọ̀n. Nítorí náà, iyọ̀ inú ògiri àtijọ́ lè mú un dún bí ẹni pé omi ni. Ẹni tí kò bá ṣí pákó kò tíì yẹ abẹ́ ilé wò.

Ohun kejì ni kí á lé omi jáde: kí á tún gọ́tà àti páìpù ṣe, kí á sì gbẹ́ ilẹ̀ ìta wálẹ̀. Ó yẹ kí ìdènà ọ̀rinrin fi ó kéré tán mìlímítà 150 ga ju ilẹ̀ ìta lọ.

Ohun kẹta ni kí á ṣí ọ̀nà atẹ́gùn ní ìhà méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé tuntun, tí a lè fi wo ti àtijọ́ náà, ni pé kí ojú ihò tó mìlímítà alábàámẹ́rin 1,500 fún mítà kọ̀ọ̀kan ògiri ìta, tàbí 500 fún mítà alábàámẹ́rin kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ ilé, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé tí ó fẹ̀ ní mítà 5, tí ó sì gùn ní mítà 8, tí ilé mìíràn fara tì í lọ́tùn-ún àti lósì. Ògiri ìta rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn jẹ́ mítà 10. Èyí fún wa ní 15,000. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà alábàámẹ́rin 40. Èyí fún wa ní 20,000. Nítorí náà, 20,000 ni a ó mú. Ihò gan-an ni kí á wọ̀n o, kì í ṣe ojú bíríkì, nítorí ihò bíríkì amọ̀ àtijọ́ kéré púpọ̀ sí bí ojú rẹ̀ ti tóbi. Àlàfo láti erùpẹ̀ dé abẹ́ igi ìdábùú kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 150. Bí a bá ti kọ́ ilé ìdáná oníkọnkéré sẹ́yìn, páìpù ni a ó rì gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí ìta. Kí inú rẹ̀ má ṣe dín sí mìlímítà 100.

Ohun kẹrin ni igi. Èyí tí ó ti jẹrà, kí á gé e kúrò. Èyí tí ó le, kí á fi sílẹ̀ kí ó gbẹ. Kí á má ṣe gbé igi tuntun lé ibi tí ó ṣì ń rin. Gbígbẹ náà ń fẹ́ sùúrù, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ óò bi mí pé, òtútù ńkọ́? Òtútù tí ó lé mi dé ìdí bíríkì olójú kì í ṣe irọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òkè ni kí á dí, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Àárín pákó sí pákó, àti ìdí ògiri níbi tí pákó parí sí, ni kí á dí. Bí a bá fẹ́ fi ohun amúlémóoru sí i, kí á fi àwọ̀n gbé e kọ́ sáàárín igi ìdábùú, kí ó sún mọ́ pákó pẹ́kípẹ́kí, kí àlàfo ìsàlẹ̀ sì wà lófo fún atẹ́gùn. Ẹni tí ó bá fi ohun kan dí àlàfo náà kún ti ṣe irú ohun tí mo ṣe ní 1983, owó gọbọi ni yóò sì tún fi ṣe é.

7. Ohun tí ó kàn wá nílé

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Àgbẹ̀ wa tí ó fẹ́ kó àgbàdo pamọ́ kì í kó o lélẹ̀. Ó ń ri òpó mọ́lẹ̀, ó ń gbé àká lé e lórí, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn apẹja tí ń gbé orí omi ní Makoko l'Ékòó, àti ní Ganvié ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tẹ́ pákó lé orí omi fúnra rẹ̀. Ibi tí òpó wọn ti ń kọ́kọ́ jẹrà ni ibi tí omi ti ń wọ̀ ọ́ tí ó sì ń fà kúrò. Àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lábẹ́ pákó tí wọ́n ń tẹ̀. Obìnrin tí ń ta gàrí lọ́jà mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gbé àpò kalẹ̀ láìfi igi tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àwa náà ti ń sé ilé mọ́. A fi ẹ̀rọ amúlétutù sí iyàrá, a kan fèrèsé pa, a sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù lẹ̀ mọ́ ògiri gbágbáágbá. Nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́, afẹ́fẹ́ ìgbà òjò yóò wọlé bá ògiri tútù, aṣọ òkè tí a kó pamọ́ yóò sì bu. Ẹ̀yin tí ẹ kó ìwé lélẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ fi ọwọ́ kan ìdí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ bá délé. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ nípa àgbàdo, ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n nípa ìwé.

8. Ìkádìí

Ohun tí mo ti sọ kò ju pé ọ̀rinrin kò ṣeé lé kúrò láyé, ó ṣeé là ọ̀nà fún. Ilé tí a bá ṣí ojú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn yóò gbé ọ̀rinrin rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé tí a bá dí, yóò gba owó, yóò gba igi, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé, nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bèèrè àlàáfíà àti iṣẹ́ àti ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè bí ihò ìdí ògiri wọn bá wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá ní ihò wo, ẹ ní kí wọ́n jáde lọ wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.